Tábìlì Kan, Ìkòkò Mẹ́ta: Bí A Ṣe Ń Kó Ẹbí Jáde Lọ Jẹun ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ a kò sọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Bí a ṣe ń kó odidi ẹbí jáde kúrò nílé lọ jẹ ẹ́ ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò.

Kí ẹnì kan ṣoṣo yà sí bùkà, kó jẹ iyán, kó máa bá tirẹ̀ lọ, ìyẹn kò le. Ẹran méjì, omi tútù kan, ó parí. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí ẹ kó èèyàn mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan kì í jẹ ẹran tí Mùsùlùmí kò bá dú, tí òmíràn kò fẹ́ rí ẹran ìgbẹ́ sójú, tí àwọn ọmọdé kò lè jẹ ata, tí ìyá àgbà sì ń wò yín pé kí ló dé tí ẹ kò dáná nílé. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ni tèmi. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, ọmọ Oǹdó ni ọkọ mi. Ọmọ Ebira ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi, Mùsùlùmí sì ni. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ọmọ Igbo. Tí gbogbo wa bá péjọ, kí a tó béèrè ohun tí a fẹ́ jẹ, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí gbogbo wa ti lè jókòó.

Ìlú kan wà ní Éṣíà tí ìbéèrè yìí ti dojú kọ tipẹ́: Singapore. Àwọn ọmọ Ṣáínà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn Malay tẹ̀ lé wọn, Mùsùlùmí sì ni púpọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ìran wọn wá láti Íńdíà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù. Ẹ wá wò ó: ẹnì kan ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹnì kejì kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ẹnì kẹta kì í jẹ màlúù. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìkòkò kan ṣoṣo kaná fún gbogbo wọn ti kó sí wàhálà. Ohun tí ìjọba wọn ṣe, láti nǹkan bí ọdún 1971 wá, ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó ń ta oúnjẹ lójú títì sínú àwọn ilé ńlá tó ní omi ẹ̀rọ àti iná. Ìsọ̀ wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, kálukú pẹ̀lú ìkòkò tirẹ̀. Tábìlì wà láàárín, kò sì sí olóúnjẹ tó lè ní tòun ni. Ìyá lè ra ìrẹsì lọ́wọ́ Malay, bàbá ra nódù lọ́wọ́ ọmọ Ṣáínà, ọmọ ra búrẹ́dì pẹlẹbẹ lọ́wọ́ ará Íńdíà, wọn á wá pàdé lórí tábìlì kan. Tí wọ́n bá jẹun tán, ibi tí wọ́n ń dá àwo oúnjẹ Mùsùlùmí padà sí yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, kí àwo má baà dàpọ̀ mọ́ àwo. Ní December 2020, UNESCO kọ àṣà ìjẹun yìí sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé.

Páálí tíṣù kékeré ni wọ́n tún fi ń gba ààyè sílẹ̀ níbẹ̀. Tí o bá ti rí tíṣù lórí tábìlì, ẹnì kan ti ni ín nìyẹn. Ẹ dán an wò ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́. Ẹ ó padà wá bá ẹlòmíràn lórí àga, yóò ti fi tíṣù yín nu ọwọ́.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kò sí ẹni tó bá wa ṣètò rẹ̀ báyẹn. Bùkà tí a ní, ẹni tó jìnnà sílé ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Orúkọ náà gan-an, ọ̀dọ̀ Hausa ló ti wá, ahéré tàbí àtíbàbà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ló ń jẹun níbẹ̀, àti oníṣòwò, àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà nílé. Irú wọn sì pọ̀ ní Àkúrẹ́ láti February 3, 1976, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú, tí àwọn akọ̀wé ìjọba ń dé láti Èkìtì, Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. FUTA dé ní 1981 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà. Oǹdó ti ní tirẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló nílò ẹni tí yóò bá wọn sè. Ẹbí ní tiwọn kì í wá. Obìnrin tó bá kó ọmọ àti ọkọ lọ jẹun ní bùkà, àwọn ará àdúgbò á ní ọ̀lẹ ni. Bí wọn kò bá sọ ìyẹn, wọ́n á ní ilé ti dàrú.

Àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé ló yí ìyẹn padà. UAC dá Mr Bigg's sílẹ̀ ní Èkó ní 1986, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, nígbà tí irú wọn sì dé ọ̀dọ̀ wa, ojú tí wọ́n fi ń wo ìjẹun níta yí padà. Ó di ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, tàbí lọ́jọ́ ìbí ọmọ. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ọ̀lẹ, wọ́n pè é ní fàájì. Mi ò bá wọn jà. Ẹ̀rọ amúlétutù wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, ọmọ ríbi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe yanjú ọ̀rọ̀ ẹbí tó dàpọ̀ mọ́ra: ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ̀ ni wọ́n ń tà. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, adìẹ díndín, mí-ìn páì. Kò sí ẹni tó lòdì sí i, kò sì sí ẹni tó rí oúnjẹ ilé bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára ògiri pé ẹ kò gbọdọ̀ mú oúnjẹ ìta wọlé. Fún ẹbí bíi tèmi, gbólóhùn yẹn nìkan ló ń lé wa padà.

Nítorí náà, ibi tí mo máa ń wá ni ibi tí olóúnjẹ yóò ti gbà pé kí a ra nǹkan lọ́dọ̀ ẹlòmíràn wá sórí tábìlì òun. Wọ́n wà o, ẹ kàn ní láti béèrè ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Àkúrẹ́, ẹ ó rí ojúlé tí màmá oníyán wà nínú, tí onísùyà ti gbé irin rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ìta, tí ẹlẹ́ja yíyan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kì í ṣe ẹbí ara wọn, wọn kì í pín owó, síbẹ̀ oníbàárà kan náà ló ń bọ́ gbogbo wọn. Tí mo bá dé, màmá oníyán ni mo máa ń kọ́kọ́ kí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. A pọ̀ díẹ̀ o. Ẹnì kan wà nínú wa tí kò ní jẹ ẹran yín nítorí ẹ̀sìn, ṣé ẹ lè jẹ́ kó ra sùyà wọlé? Ọ̀dọ̀ yín la ó ti ra omi àti mínírà." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Kò sí olóúnjẹ tó fẹ́ kí wọ́n jókòó sórí àga òun lásán. Tí ó bá ti mọ̀ pé owó òun kò sọnù, yóò gbà, yóò tilẹ̀ rán ọmọ lọ bá yín mú sùyà náà wá.

Sásà ní Àkúrẹ́ àti Sábó ní Oǹdó ni ibi tí mo máa ń gbà lọ tí ìyàwó wa Ebira bá wà pẹ̀lú wa. Hausa ló pọ̀ níbẹ̀, kò sì ní láti béèrè ẹni tó dú ẹran. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ibẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí aláshàyí. Ó ń da tíì láti ife kan sí ife kejì lókè réré, ó ń din ẹyin, ó sì ń se Indomie. Ará Indonesia ni Indomie yẹn o, láti Éṣíà tí a ń sọ lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ń ṣe é fún wa láti 1995. Àwọn ọmọ mi rò pé oúnjẹ Hausa ni. Mi ò tíì ráyè ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ẹran, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Màlúù tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, Mùsùlùmí ló sábà máa ń dú u, ìyẹn kò le. Ẹran ìgbẹ́ ni ìṣòro. Ọ̀yà tí pàkúté mú, tó ti kú kí ọdẹ tó dé, kò sí ẹni tó dú u. Mùsùlùmí tó ń pa òfin mọ́ kò ní jẹ ẹ́. Kò sì tán síbẹ̀: ìgbakọ tí wọ́n fi bu ọbẹ̀ ọ̀yà ni wọ́n ń kì bọ inú ìkòkò ẹ̀gúsí. Ohun tí àwọn ará Singapore fi àwo méjì yanjú nìyẹn. Nílé oúnjẹ tiwa, ẹ sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé kí wọ́n bá yín lo ìgbakọ mìíràn, kí ẹ sì sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọbẹ̀. Tí wọ́n bá ti bù ú tán kí ẹ tó sọ, ìjà ló ń dà, ẹ̀yin lẹ sì máa jẹ̀bi.

Mi ò ní fi ọ̀kan pamọ́. Ní Oǹdó, àwọn kan ń jẹ ajá. Ẹran Ògún ni, wọn kì í tijú rẹ̀. Wọn kì í sè é mọ́ ẹ̀gúsí fún àlejò, ẹni tó fẹ́ ẹ ló mọ ibi tó ti ń wá a lọ. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá ti gbọ́ ìtàn yìí lọ́nà á máa fura sí gbogbo ìkòkò. Ọkọ àbúrò mi yọ́ bi mí léèrè nígbà tó kọ́kọ́ bá wa dé Oǹdó: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹran wo lèyí?" Mo ní kó bi màmá olóúnjẹ. Ó bi í. Màmá wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, màlúù ni. Èyí tí ò ń rò yẹn, owó rẹ ò tíì ká a." Gbogbo bùkà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni kì í ti bẹ̀rù láti béèrè níbikíbi, ohun tí mo sì fẹ́ nìyẹn. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi tí a bá fi ọ̀wọ̀ sí i.

Tí ẹ bá dé Oǹdó, ẹ jẹ àsun. Ìlú yẹn ni a mọ̀ ọ́n mọ́, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi yangàn. Ewúrẹ́ tí wọ́n fi iná sun tawọtawọ ni, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á wá fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí i. Ata yẹn kì í ṣeré. Bí ẹ bá ní ọmọdé lọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n yọ tiwọn sọ́tọ̀ kí ata tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí ata bá ti wọ̀ ọ́, kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Iyán ní tirẹ̀, Màmá Oǹdó, ìyẹn ìyá ọkọ mi, ló ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìró odó kó tó jókòó. Tí kò bá gbọ́ nǹkan kan, yóò béèrè bóyá èlùbọ́ inú páálí ni wọ́n fẹ́ rò fún òun. Lẹ́yìn náà yóò fi ìka tẹ iyán náà, kó lè mọ̀ bóyá kókó wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí pé ojú ń ti àwọn ìyá wọ̀nyí láti jẹun ní gbangba. Ní ìgbà tiwọn, àgbàlagbà kì í jókòó sẹ́bàá títì kó máa gbé òkèlè. Mo ti rí ìyá tó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sílé oúnjẹ, tó ní òun kò fẹ́ nǹkan kan, tí ebi sì ń pa á. Ẹ má fi ipá mú wọn. Ẹ wá igun kan tó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé oúnjẹ tiwọn wá. Tí Màmá Oǹdó bá ti rí i pé wọn kò gbàgbé ipò òun, yóò jẹun. Nígbà mìíràn, yóò tún ní kí wọ́n fi ẹran kan kún un.

Ibí yìí ni mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi kan yapa. Wọ́n ní ìjẹun níta ń ba ọmọ jẹ́, nítorí ọmọ tó yẹ kó dúró de ohun tí wọ́n bá fún un nílé, òun ló ń nàka sí ohun tó fẹ́ níta. Òótọ́ ni pé nílé, inú àwo kan ni èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń jẹun, àgbà ló ń pín ẹran, èyí tó kéré jù ló ń kan àbúrò. Níta, ọmọ ọdún mẹ́fà ní àwo tirẹ̀ àti ẹran tirẹ̀. Èmi kò rí ìbàjẹ́ kankan níbẹ̀. Ọmọ mi lè yan oúnjẹ tó wù ú, kò kàn gbọdọ̀ fọwọ́ kan án kí wọ́n tó gbé ti ìyá àgbà wá. Èmi náà á jókòó jẹun gbígbóná lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, n kò ní dìde lọ bu ọbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń sọ pé ọmọ ń bàjẹ́, mo kíyè sí i pé wọn kì í ṣe àwọn tó ń gún iyán.

Owó wá ńkọ́? Ní bùkà, òkèlè ní owó tirẹ̀, ẹran ní tirẹ̀, ọbẹ̀ kì í sábà ní owó lọ́tọ̀ tí ẹ bá ti ra ẹran. Ẹran ló ń gbọ́n owó àpò yín dànù. Ẹ béèrè iye tí ẹran kan jẹ́ kí ẹ tó jókòó, nítorí bí ọmọ mẹ́rin bá ti nàka sí ẹran méjì-méjì, ó ti bọ́ sórí. Ní tèmi, mo máa ń ra pọ̀nmọ́ àti ṣàkì sí i kí àwo lè kún. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, kò sí olóúnjẹ tí kò yí iye padà. Ní June 2024, àjọ NBS ní iye owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ohun tí à ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún ọ̀pọ̀ ilé, ilé tiwa náà sì wà nínú wọn láwọn oṣù kan.

Tí ẹ bá sì ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ó sanwó. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání. Bí ẹ bá fi tíránsífà san owó iyán, tí àlẹ́ẹ̀tì kò wọlé, màmá oníyán á ní kí ẹ dúró, àwọn ọmọ á máa sùn lórí àga. Ẹ sì jẹ́ kí ó yé gbogbo yín láti ilé, ẹni tí yóò sanwó. Ọkọ àbúrò mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sanwó níbi tí òun bá wà, nítorí àna wa ni, ọkọ mi náà kò sì gbà. Àwọn méjèèjì ti fa owó mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níwájú onísùyà títí sùyà fi tutù. Ní báyìí, ẹnì kan ń san ti òkèlè, ẹnì kejì ń san ti sùyà àti mínírà, wọ́n sì ti fara mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ìlera, mi ò sì ní fi ṣe eré. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì ti ń tọ́jú ọ̀pọ̀ tó bá mú. Eku ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó bá kan oúnjẹ ló ń kó ran èèyàn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń gbóná jù. Nítorí náà, kí n tó pàṣẹ oúnjẹ, mo máa ń wo ibi tí gààrí wà. Tí ó bá wà nínú ike tó ní ìdérí, ó dára. Tí ó bá ṣí sílẹ̀ nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a ò ní mu gààrí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà a tilẹ̀ máa ń dìde. Ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná kò bà mí lẹ́rù tó àwo tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì da bolẹ̀ láìbò.

Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí jù nìyí: kí la ó ṣe sí oúnjẹ tó kù? Ẹ má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ọbẹ̀ gbígbóná sínú ọ̀rá fún yín, wọ́n sì lè gba owó lọ́wọ́ yín lórí páálí tí wọ́n bá dì í sí. Kúlà kékeré kan máa ń wà nínú búùtù ọkọ̀ wa. Iyán kì í dùn mọ́ tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Ọbẹ̀ àti àsun ni kí ẹ gbé lọ sílé.